Àtẹ̀gùn Funfun Pani Bronia

Ní àdúgbò wa nílùú Baltimore, ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó ń gbé inú ilé kan kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló máa wò. Ilé wa gbogbo fara ti ara wọn láti orígun títì kan dé èkejì, ògiri kan ṣoṣo ló la onílé méjì láàárín, tí bàbá Lágbájá bá húkọ́, ìyá Tàmẹ̀dù á kí i pẹ̀lẹ́. Àwọn ọkọ ń rẹrù ní èbúté, àwọn ìyàwó ń di tòmátì sínú agolo nílé-iṣẹ́ etí omi. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ olówó níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tí wọ́n fi òkúta mábù funfun báláú ṣe, bí ẹni pé ọba ló fẹ́ gbabẹ̀ wọlé. Ẹ ò rí i pé tálákà náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra ga.

Tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, àwọn ìyálé ilé á tú síta, kálukú pẹ̀lú garawa omi gbígbóná, búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ ẹlẹ́bu àti òkúta tí wọ́n fi ń ha àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n á máa ha mábù títí tí á fi funfun bí eyín ọmọ ọwọ́. Ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ bá dọ̀tí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀: àìsàn ti wọ ibẹ̀, tàbí ikú ti yà síbẹ̀. Ọ̀lẹ náà wà o, àmọ́ wọn kì í dárúkọ ìyẹn, nítorí ó burú ju ikú lọ. Ẹni tó kú, wọ́n á ṣì gbé òdòdó lọ fún un.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Irena sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Pani Bronia bí. Pani ni àwọn èèyàn Poland tó wà níbẹ̀ ń pe obìnrin tó ti tójú bọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀tá wọn. O lè bú èèyàn bó ṣe wù ọ́ ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ pè é ní Pani ná.

Ìyá Irena ni olórí gbogbo àwọn tó ń fọ àtẹ̀gùn. Ta ló fi í jẹ? Òun fúnra rẹ̀ ni. Tó bá fọ mábù rẹ̀ tán, á yọ áńkáṣíìfù funfun lápò, á fi nu orí òkúta, tí áńkáṣíìfù bá fi lè yí àwọ̀ pẹ́rẹ́, ó di àtúnfọ̀. Stach ọkọ rẹ̀ á ti èbúté dé, gìrìpá ọkùnrin tó ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ìrọ̀rí, á bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, á wá máa yọ́ gòkè pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ bí olè. Irena rántí ọjọ́ tí Fada ìjọ wá kí wọn, tí ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo bàtà Fada. Àlùfáà Ọlọ́run ká aṣọ gígùn rẹ̀ sókè, ó fo àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà bí òbúkọ.

"Bronia," Stach bi í lọ́jọ́ kan, "ta ló ni ilé yìí gan-an, ṣé àwa ni àbí àtẹ̀gùn?"

"Ìwọ lo nilé," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Jẹ́ kí èmi náà ní tèmi."

Aránṣọ kan wà nílé kejì, lápá òkè òpópónà, Pani Rozalia, opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló rán aṣọ funfun tí Irena fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tó máa kọ́kọ́ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ náà dára, gbogbo èèyàn ló yìn ín. Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, níbi tí Irena ti dúró níwájú ilé wọn tó ń retí bàbá rẹ̀, Pani Rozalia da omi ìfọ̀tẹ̀gùn rẹ̀ nù. Òpópónà wa ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi kì í sì í béèrè ọ̀nà. Omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ya lọ sísàlẹ̀, ó gba orí bàtà funfun Irena kọjá. Bí ọmọ náà ṣe fi bàtà eléèérí lọ gba ara Olúwa nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Pani Bronia ò ti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tí Pani Rozalia bá ti tọrọ àforíjì ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ohun tó sọ ni pé òun kọ́ ló dá òkè.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ o, àmọ́ wọn ò dákẹ́. Irena ni wọ́n ń rán. Àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ síwájú ilé wọn ní Sátidé, ìgbọ̀nwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Irena, bá mi sọ fún Pani Rozalia pé ẹ̀gbin wọn ti tún dé ọ̀dọ̀ wa o."

"Irena, sọ fún màmá rẹ pé omi kì í ṣàn gòkè. Kí wọ́n lọ bá Ọlọ́run ṣẹjọ́."

Ọmọ ọlọ́mọ á máa yíjú síhìn-ín, á máa yíjú sọ́hùn-ún. Tó bá ti lọ sílé-ìwé, ológbò ni wọ́n máa ń rán. Ìjà ló dé lorin dòwe. Ní tiwa, ìjà ló dé lológbò di ìránṣẹ́. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru, tí gbogbo àdúgbò bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ akàn aláta jẹ, tí àwọn ọkùnrin ń mu bíà, Pani Rozalia á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀fẹ̀. Pani Bronia á kọ̀yìn sí i, á fèyín di ètè mú. Tí ẹ̀rín bá ti fẹ́ pa á, á dìde wọlé, a óò sì máa gbọ́ ọ tó ń rín kèékèé ní yàrá ìdáná.

Irena dàgbà, ó lọ́kọ, ó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí koríko ti pọ̀ ju èèyàn lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fọ àtẹ̀gùn rí. Stach kú. Nígbà òtútù kan, Pani Bronia yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, orúnkún rẹ̀ sì wú bọ̀ǹbọ̀. Irena bá tún yàrá kan ṣe nílé rẹ̀, ó kun ún, ó gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

"Mama, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ta ló máa gbọ́ tí ẹ bá tún ṣubú?"

"Èmi tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti obìnrin yẹn? Tí mo bá sín, ó gbọ́."

"Mama, mi ò ṣàwàdà o."

Ilé yẹn ni ìyá rẹ̀ ti bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde, kò sì fẹ́ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. "Ó dáa," ó wí. "Jẹ́ ká jọ ṣàdéhùn. Sátidé tóo bá dé tóo rí i pé àtẹ̀gùn mi dọ̀tí, ọwọ́ ara mi ni màá fi di ẹrù mi. Títí di ìgbà náà, má sọ̀rọ̀ kíkó létí mi mọ́."

Irena gbà, nítorí dókítà ti sọ fún un pé orúnkún yẹn ò lè kúnlẹ̀ mọ́ láyé. Ó fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó to páálí òfìfo sẹ́yìn mọ́tò ní àárọ̀ Sátidé kan, ó sì gbéra láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú lójú ọ̀nà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó yẹ ọmọ lòun ń ṣe, àmọ́ ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ jù.

Nígbà tó dé, àtẹ̀gùn ìyá rẹ̀ ń dán gbinrin. Omi ò tíì gbẹ lára rẹ̀.

Irena dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ẹnu rẹ̀ ò padé. Ó gbójú sókè wo fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé wọn, àwòrán ni wọ́n yà sí i bíi ti gbogbo àdúgbò: ilé kékeré olórùlé pupa, adágún omi, pẹ́pẹ́yẹ méjì. Ẹni tó wà nínú ilé ń rí gbogbo ayé, ẹni tó wà níta, pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló máa rí. Ibi tó ti ń yíjú kúrò níbẹ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sí ilé kejì. Àtẹ̀gùn Pani Rozalia dúdú! Ipa bàtà, imí ẹyẹlé, èérí èéfín. Láti kékeré Irena, kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Yéè! Pani Rozalia ti kú!"

Ó sáré gòkè, ó fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn? Ṣé o fẹ́ fọ́ ilé lé mi lórí ni?" Ilẹ̀kùn ṣí. Pani Rozalia fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, ó ti hewú pátá, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

"Pani Rozalia! Ẹ ò tíì kú?"

"Ẹ gbọ́ irú ìkíni! Ṣé kí n lọ kú kí n tó padà wá ṣílẹ̀kùn fún ọ ni?"

"Àtẹ̀gùn yín ni mo rí, mo bá rò pé..."

Màmá àgbà wolẹ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn lòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ẹn-hẹn. Mò ń sinmi ni. Àbí ó lòdì sófin?"

Irena wo épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó tutù rinrin níbi orúnkún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ ẹlẹ́bu ti gbẹ mọ́ ọn dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo àtẹ̀gùn ìyá rẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa ni, wọn ò ní láti là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn fọ̀ ọ́."

"Rọra sọ̀rọ̀!" Pani Rozalia fà á lápá wọ ẹnu ọ̀nà. "Orúnkún tèmi náà ti ń dùn mí, kò gbé mẹ́fà mọ́, mẹ́ta ló gbé. Mo gbọ́ àdéhùn yín lára ògiri. Tí mo bá fọ tèmi, tiwọn á dọ̀tí, wàá sì kó wọn lọ. Tóo bá kó wọn lọ, ta ni n ó máa bá jà? Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sápá ìsàlẹ̀ yẹn? Kí ọmọ yẹn mọ̀ nínú ìjà?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, inú bí i pé ó gbọ̀n. "O ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o."

Ohùn kan bá jáde láti inú àwòrán pẹ́pẹ́yẹ.

"Irena! Sọ fún Pani Rozalia pé igun ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì àtẹ̀gùn mi ò mọ́ o. Mo ti ń wò ó láti àárọ̀."

Ojú Pani Rozalia pọ́n. "Irena, sọ fún màmá rẹ pé ẹni tó bá lórúnkún kó sọ̀ kalẹ̀ wá fọ̀ ọ́!"

Ìtìjú mú Irena débi pé kò mọ èyí tí ì bá ṣe, ẹkún àbí ẹ̀rín. Ó bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé garawa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ olówó iyebíye sórí àtẹ̀gùn Pani Rozalia. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha òkúta.

"Irena," ohùn òkè tún wí, "sọ fún Pani Rozalia pé..."

"Mama, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀."

Àwọn tó ń fọ àtẹ̀gùn lódìkejì títì náà dáwọ́ dúró, wọ́n ń dọ́gbọ́n wò.

"Rozalia," ni Pani Bronia wí níkẹyìn. Kò tilẹ̀ fi Pani ṣíwájú rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ṣé o rí bó ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú?"

"Mo rí i. Ojú ń tì mí. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwọ ni! Àbí ọ̀dọ̀ ta ló máa ń wà nígbà tí mo bá wà nídìí tòmátì?"

"Mo kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àwọn ará ẹ̀yìn ìlú ló bà á jẹ́."

Irena ń ha á, omi ojú ń kán sínú ọṣẹ, títí tí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi funfun bíi wàrà. Ó dìde, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ya kọjá orúnkún.

"Rozalia," Pani Bronia tún pè láti òkè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, nítorí ó ti rí páálí tó wà lẹ́yìn mọ́tò. "Wò ó dáadáa fún mi. Ṣé ó mọ́?"

Pani Rozalia gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ síwájú sí i, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mábù. Ó wo gbogbo igun.

"Kò mọ́ rárá, Bronia," ó wí. "Àfi kó tún padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀."