Awọ Orí Felicia

Irun ni Adéjùmọ̀kẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Gawon Nama. Nígbà tí Tíṣà Ọbádélé, olórí ẹgbẹ́ eré àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Sókótó, wá bẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1983 pé kí ó sọ obìnrin onírun di apárí, ó rò pé ọkùnrin náà ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Felicia, ìyàwó Oyèwọlé, ló fẹ́ ṣe opó nínú eré wọn, opó náà sì gbọ́dọ̀ fárí. Felicia kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní fárí opó nígbà tí ọkọ òun wà láàyè. Ọbádélé bá ránṣẹ́ ra gálọ́ọ̀nù oje rọ́bà kan láti Sápẹ́lẹ́, ó sì mú ìwé kékeré kan wá, tó ṣàlàyé bí àwọn òyìnbó oníṣẹ́ tíátà ṣe ń fi í ṣe awọ tí wọ́n ń dé borí irun. Kíkà rẹ̀ rọrùn.

Adéjùmọ̀kẹ́ ní kí bíríkìlà kan fi símẹ́ńtì mọ orí fún òun. Ó ha á títí ó fi ń dán, ó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun oje náà sí i. Bí ìpele kan bá gbẹ, á kun òmíràn. Oje náà ń rùn bí ìtọ̀ àná. Larai, aládùúgbò Adéjùmọ̀kẹ́, ní ẹran ló kú sí wọn lájà. Awọ àkọ́kọ́ kò tíì gbẹ tí ọyẹ́ fi da eruku bò ó. Ó gbàgbé láti fi pọ́dà pa ìkejì kó tó bó o. Ó lẹ̀ mọ́ra, kò ṣeé tú mọ́. Ìkẹta ba Felicia lórí mu, ṣùgbọ́n etí awọ náà nípọn bí etí fìlà. Ọbádélé ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pàápàá á rí i.

“Tíṣà, ẹ wá ṣe é fúnra yín,” ni Adéjùmọ̀kẹ́ dá a lóhùn.

Ìkẹrin, abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ló jókòó sí tòun ti orí símẹ́ńtì, kí eruku má bàa rí wọn gbé ṣe. Etí ti èyí fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ eré, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ Felicia níwájú orí, ó kun àwọ̀ ara rẹ̀ sí i. Felicia wo dígí, ó ń fọwọ́ wá irun rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Oyèwọlé bá wọn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá òun ti kú ni. Wọ́n ṣàlàyé títí, kò gbà. Ó nawọ́, ó fà á. Awọ náà ya láti iwájú orí dé ẹ̀bá etí, irun Felicia sì yọ síta.

Adéjùmọ̀kẹ́ kò pariwo lé Oyèwọlé lórí. “Bàbá Morẹ́nikẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe ohun tí ẹ fà ya yẹn. Ẹ wá síbí, kí ẹ fọwọ́ di ẹnu ibi tó ya mú pọ̀.”

Oyèwọlé tọrọ àforíjì, ó sì dì í mú. Kò jù ú sílẹ̀ títí Adéjùmọ̀kẹ́ fi fi oje lẹ ojú ibẹ̀ pọ̀, tó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ gbẹ, tó sì da pọ́dà sí i.

Felicia jáde sí àwọn òǹwòran. Kò sẹ́ni tó rí ibi tó ya. Oyèwọlé nìkan ni kò lè wò ó. Ìta ló wà títí eré fi parí.

Lọ́jọ́ kejì, Ọbádélé tún dé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní eré tó ń bọ̀ yóò ní àgbà mẹ́rin tó pá lórí. Adéjùmọ̀kẹ́ kò gbójú sókè kúrò lórí irun tó ń dì.

“Tíṣà, àwọn tó ti pá lórí kún àdúgbò Kalambaina. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.”