Òkúta Tí Mo Fi Ka Ọmọ Ọlọ́mọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbé àpótí páànù kan wọ Mùṣin, tí ẹ̀wù méjì péré wà nínú rẹ̀, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ ìdérí ìgò, igi wẹ́wẹ́ tí mo dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá, aago páálí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí, àti àwòrán ẹranko tí mo gé láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì bí omi, tí tíṣà sì di ọ̀wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, irùngbọ̀n mi kò tíì hù dáadáa, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọmọ ní ìwé rí ní gbogbo agbègbè yẹn títí èmi fi dé. Ìyá onílé tó fún mi ní yàrá wo inú àpótí mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọtí lẹ̀ ń tà tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ṣàlàyé fún un pé ohun èlò ìkọ́ni ni ìdérí ìgò wọ̀nyẹn. Ó ní ó ti yé òun. N kò rò pé ó yé e, torí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kó ìdérí ìgò kún igbá kan wá fún mi pé kí n fi kún ọjà mi.

Kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí mi, ohun èlò tirẹ̀ kò sì ju ṣọ́ọ̀kì, pátákó àti pàṣán lọ. Obìnrin àgbà kan ló ń kọ́ kíláàsì kìíní, ìyá tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ayò tó wà nínú àpò aṣọ kan ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, pẹ̀lú orin. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí gidigidi. Mo fi àwòrán bo ògiri kíláàsì mi látòkè délẹ̀. Mo ya yìnyín ilẹ̀ òyìnbó tí n kò rí rí, mo ya èso ápù tí n kò jẹ rí, àwọn ọmọ sì ń pe ápù náà ní tòmátì tíṣà. N kò bá wọn jiyàn, torí èmi náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe tòmátì.

Tíṣà onídánwò ni mí nígbà náà. Olùbẹ̀wò ilé-ìwé fẹ́ wá wo iṣẹ́ mi, ohun tó bá sì kọ sínú ìwé rẹ̀ ló máa sọ bóyá wọn á fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó dé, mo pinnu pé n óò ṣe ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń sọ pé inú ilé ọmọ ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí ọmọ bá mọ̀ nílé ni ká fi kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Èmi náà sọ fún ara mi pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òkúta wá láti ilé, òkúta kan fún ọmọ kan tó wà nílé wọn, kí a lè kà wọ́n, kí n sì ya wọ́n ní orí ọmọ sórí bébà ńlá kan, ilé tó pọ̀ jù lókè, èyí tó kéré jù nísàlẹ̀.

Kí ẹ má rò pé n kò mọ̀. Yorùbá ni mí, Yorùbá ló bí mi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti ń rá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, á ní Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa kò kún ẹní kan, a sì jókòó síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn tí kò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òwe náà ń bá wí.

Ọjọ́ òkúta dé. Ariwo ta ní kíláàsì bí ọjà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan, tí bàbá rẹ̀ láya púpọ̀, fi fìlà gbé òkúta tirẹ̀ wá, fìlà náà sì fẹ́ já. Mo yìn ín, mo fún un ní pẹ́ńsùlù pupa, mo kọ ilé wọn sókè pátápátá lórí bébà mi. Lẹ́yìn náà ni mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláró, tó ń rẹ aṣọ lẹ́yìn ilé wọn lójú ọ̀nà Ojú Ẹlẹ́gbà. Òkúta kan ṣoṣo ló mú wá, ó ń dán, aró sì ti wọ̀ ọ́ lára títí ó fi dúdú bí ojú ọ̀run alẹ́. Mo ní, "Ẹyọ kan? Ṣé òkúta wọ́n ládùúgbò yín ni?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo kọ ilé wọn sísàlẹ̀, mo gbé òkúta náà sórí tábìlì, mo ní kí a fi kọ́ ìyọkúrò. Mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo ní, "A yọ ọ̀kan kúrò nínú ọ̀kan. Kí ló kù?"

"Òfo, sà!" Gbogbo wọn ló pariwo rẹ̀.

Ọmọ aláró nìkan ni kò dáhùn. Mo rò pé kò yé e ni, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì tẹ́ tó. Mo kan bébà náà mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú sí ọ̀nà, kí àwọn òbí lè rí i. Wọ́n rí i. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ orí ọmọ bó bá rí i lára àwòrán, àwọn ọmọ mi sì dúró níbẹ̀ wọ́n ń túmọ̀ fún gbogbo èrò ọ̀nà: ilé alágbẹ̀dẹ nìyí, ilé Àlùfáà nìyẹn, ilé aláró ló wà nísàlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ǹṣì òfìfo ni mo bá ní kíláàsì. Àwọn ìyá wọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìyálé alágbẹ̀dẹ ló ṣíwájú wọn, ẹni tí mo rò pé yóò wá dúpẹ́ pé ilé wọn gbégbá orókè. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ kí o ka ilé wa síta kí ayé lè rí i?" Mo gbé rẹ́jísítà mi sókè, mo ní ìjọba ń ka àwọn ọmọ yìí láràárọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó wo rẹ́jísítà náà, ó wò mí. Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè nínú ìwé yẹn, orúkọ ni, ọmọ sì ń jẹ́ ẹ. Ìwọ, òkúta lo fi rọ́pò ọmọ wa. Ṣé òkúta máa ń jẹ́ni?"

Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sínú ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní òun kò ní purọ́ fún olùbẹ̀wò. Bó bá dé tó bá bá bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì náà ni yóò kọ sínú ìwé. Ó ní iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn báyìí, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Mo jáde, mo ya bébà náà wẹ́wẹ́. Mo kó gbogbo òkúta náà, mo dà wọ́n sórí òkìtì òkúta tí àwọn bíríkìlà kó jọ láti fi kọ́ kíláàsì tuntun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìyá tíṣà ló mú mi káàkiri ilé àwọn òbí. Bí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ilé dé ilé, àyà ẹ̀wù mi funfun di pupa fún eruupẹ̀. Òun a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ní, "Ẹ forí jì í, ìwé ló gbà á lórí," àwọn obìnrin náà a bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní kí n dìde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ parí, ó ku ilé aláró.

A bá a níbi ìkòkò aró rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ dìde, tíṣà, ẹ má da eruupẹ̀ sára." Ó ń pè mí ní ẹ, bẹ́ẹ̀ ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Àwọn tí mo bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Àwọn tí mo bí tẹ̀lé e kò dúró. Èyí tó dúró, òun lẹ gbé kúrò lórí tábìlì, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe ohun tó kù." Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ojú tì mí. Ó wá béèrè pé, "Òkúta rẹ̀ dà? Nídìí ìkòkò mi níhìn-ín ló ti mú un. Ẹ bá mi mú un wá kó má wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti dé, ọmọ á wá sílé-ìwé."

Báyìí ni tíṣà tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe kúnlẹ̀ sórí òkìtì òkúta fún ọjọ́ méjì gbáko, nínú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, tó ń wá òkúta láàárín òkúta. Eruku ti bò wọ́n, gbogbo wọn rí bákan náà. Àwọn bíríkìlà bi mí bóyá góòlù ni mo sọ nù. Nígbà tó yá mo pọn omi sínú garawa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tíṣà yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ohun èlò ìkọ́ni tún dé o!" Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀kan jáde nínú omi, ó dúdú, ó ń dán. N kò tijú láti sọ pé mo sunkún. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ fún aláró. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó so ó mọ́ etí aṣọ náà, ó ní, "Ó dára." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ wọlé, ó jókòó sí ibi tó jìnnà jù lọ sí mi.

Olùbẹ̀wò dé lọ́jọ́ tó dá. Ọmọ Yorùbá ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ta sánsán fún ọṣẹ olóòórùn dídùn. Ògiri mi ṣófo. Ọmọ ayò tí mo yá lọ́wọ́ ìyá tíṣà ni mo fi kọ́ ìṣirò, ẹ̀kọ́ náà sì lọ geerege. Mo ti rí i pé ó ń mi orí, mo ti ń dúpẹ́ nínú. Ó wá ní òun fẹ́ béèrè ìbéèrè kan péré. Nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, ọmọ aláró ló nàka sí. Ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ jẹ́ nínú kíláàsì yìí?"

Ó mọ̀ ọ́n kà. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n kà. Ó dìde, ó rọra wo bẹ́ǹṣì kan tẹ̀lé èkejì, ojú rẹ̀ kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "A pé, sà."

Olùbẹ̀wò ní, "Mélòó ni mo bi ọ́."

Ó tún wò wọ́n yíká. Ó ní, "Gbogbo wa la wá, sà. Kò sẹ́ni tó kù."

Olùbẹ̀wò kọjú sí mi, ó wò mí gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti wo àwọn ìyá lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ó ń dúró kí n ní kí ọmọ náà kà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ mi sì wà nínú rẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n pé." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì yìí kò mọ iye ara wọn, àti pé ó jọ pé tíṣà wọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ọdún kan sí i ni mo fi jẹ́ tíṣà onídánwò.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, orí mi ti funfun. Nígbà tó yá, wọ́n mú mi lọ kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wọn nípa ohun èlò ìkọ́ni, torí àgbàlagbà kì í fi àìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán. Kí n má purọ́, mo ṣì ń bínú díẹ̀ sí olùbẹ̀wò yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro gbogbo ìdáhùn tí ọmọ ti fún mi ní kíláàsì láti ọjọ́ náà títí mo fi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù mí ni mo mọ̀ pé ó tọ̀nà jù lọ. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ.