Rárà Tí Mo Kọ Fún Àyọ̀ká

Osùn ló kó bá mi. Mòńjọlá, ọmọ ọmọ mi, ló rà á ní ọjà Mọ́níyà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí àga nínú yàrá mi. Ó ní ẹni tó máa ya fọ́tò ìgbéyàwó òun ló ní kóun wá a wá, pé ó máa ń yọ dáadáa lẹ́sẹ̀ ìyàwó. Mi ò tíì rí i rárá kí n tó gbóòórùn rẹ̀, òórùn igi tí wọ́n lọ̀ kúnná lórí ọlọ, tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò. Orí mi wú. Mo ní kó gbé e lọ sójú fèrèsé, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó rò pé ikọ́ mi ni mò ń sá fún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń sá fún.

Abà wa kò jìnnà sí Ẹ̀rúnmu. Ilé alámọ̀ ni gbogbo rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lórí àwọn kan, koríko lórí àwọn yòókù, igi àgbálùmọ̀ kan láàárín tí gbogbo ọmọdé ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ni olè náà. Bàbá mi ń dáko kòkó, ìyá mi ń yan gàrí. Wọ́n fi mí sílé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, mo kà á dé kíláàsì kẹrin, kí kòkó tó kọ̀ lọ́dún kan tí wọ́n sì ní ó kan àwọn àbúrò mi ọkùnrin. Tíṣà wa, Tíṣà Ajíbádé, máa ń sọ pé ìkọ̀wé mi dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń wá kòkòrò nílẹ̀. Á tún ní, “Àmọ́ adìyẹ yìí ń rí kòkòrò o.”

Nígbà náà, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ kì í kàn gbéra lọ. Lọ́jọ́ tó bá máa lọ, wọ́n á fi osùn kùn ún lẹ́sẹ̀, á máa ti ojúlé dé ojúlé, á kúnlẹ̀, á máa sun rárà. Ohùn arò ni wọ́n fi ń sun ún, ẹkún á máa wà nínú rẹ̀. Á fi dágbére fún bàbá àti ìyá, fún ẹni tó kọ́ ọ ní ilẹ̀ gbígbá àti ẹni tó nà án nítorí pé kò gbálẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà á máa súre, gbogbo ilé á máa ṣe àṣẹ. Ìyá Ọlọ́fẹ̀ẹ́ ló ń kọ́ àwọn ìyàwó ní rárà ní abà wa. Nígbà tí eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tí ọ̀rọ̀ ń gba àárín rẹ̀ yọ́ jáde, wọ́n ní kí n máa bá àwọn kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́, mo kọ ọ́, títí mo fi ń fi tèmi kún un. Lọ́jọ́ kan mo kà á fún wọn.

Wọ́n ní, “Èmi kọ́ ni mo sọ ìyẹn.”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ìyá.”

“Irọ́ lò ń pa. Ṣùgbọ́n ó dùn. Fi síbẹ̀.”

Bí mo ṣe di ẹni tí àwọn ìyàwó ń wá bá nìyẹn, èmi tí ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láyà mi. Wúràọlá ọmọ Àkànmú wá, ó ní kí n bá òun bú ìyáálé òun díẹ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó má hàn. Mo bá a fi sí i. Ó hàn. Kọ́mfọ́ọ̀tì ọmọ Díákónì Òjó náà wá. Ohùn tirẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, nítorí náà mo kọ tirẹ̀ ní kúkúrú kí gbogbo wa lè tètè sinmi. Ẹ̀pà ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, tàbí àgbàdo sísun. Inú mi dùn nígbà náà ju bó ṣe tún dùn rí lọ. Mo máa jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù lẹ́nu, ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ló wá kan Àyọ̀ká.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àyọ̀ká. Ẹní kan náà la jọ ń sùn sí nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ sóko jìnnà, torí pé ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó ṣì kéré. Ọkùnrin ará Àkànrán kan ló fẹ́ ẹ, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń yọ fìlà kí àwa ọmọdé pàápàá. Nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, Àyọ̀ká wá bá mi, ó ní, “Gbogbo ìyàwó ló ń dágbére fún ìyá wọn. Ìyá tèmi ńkọ́? Bá mi fi wọ́n sí i.” Mo jókòó, mo sì kọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, mo rántí rẹ̀:

Ìyá mi tó lọ tí kò dágbére,
Ẹ máa ṣíwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín,
Ọ̀nà ilé ọkọ jìn, ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n.

Àyọ̀ká sunkún nígbà tó gbọ́ ọ. Èmi náà sunkún. A rò pé ẹkún náà ló fi hàn pé ó dára.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Ọlọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sun ún, gbogbo ilé ń ṣe àṣẹ. Ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan ìyá rẹ̀. Ó sun ún tán, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá Ọlọ́fẹ̀ẹ́ na ọwọ́, wọ́n fi bo Àyọ̀ká lẹ́nu.

Wọ́n ní, “A kì í ní kí òkú ṣíwájú ẹni. Ẹ̀yìn là ń ní kí wọ́n dúró sí, kí wọ́n máa tì wá lọ síwájú. Ẹni tí òkú bá ń mọ̀nà fún, ibo ló ń lọ?”

Wọ́n ní kó tutọ́ sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ olósùn yẹn pa á rẹ́. Ó ṣe é, ó ń rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ìyá Ọlọ́fẹ̀ẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń wò.

Kòkó la ń fọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e nígbà tí ẹni kan ti Àkànrán dé. Kò jókòó, kò gba omi. Àyọ̀ká ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá títí ó fi kú. Ọmọ náà kò dúró.

Kò sẹ́ni tó nà mí o, kò sẹ́ni tó bú mi. Kí wọ́n kúkú ṣe bẹ́ẹ̀ ì bá sàn. Àwọn ìyàwó ò kàn wá bá mi mọ́ ni. Bí mo bá dé etí odò, àwọn ìyá á rọra fa ọmọbìnrin wọn mọ́ra. Ìyá Ọlọ́fẹ̀ẹ́ pè mí wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi ọ̀tún mú pẹ́, wọ́n ní, “Jẹ́ kó sinmi.” Ohun tí wọ́n sọ ò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rù ọwọ́ ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìbàdí, kó má baà jí dìde lẹ́yìn tí mo bá ti sùn.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ. Mi ò sun rárà, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wọ ilé ìwé, Ayìnlá ọkọ mi ló ń kọ orúkọ sára ìwé wọn. Ó rò pé mo ti gbàgbé ìwé kíkọ. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé orúkọ tí mo bá kọ, mo ti fi ránṣẹ́ ikú sí ẹni tó ni ín nìyẹn. Ayìnlá kú, ó dàgbà kó tó lọ. Lọ́dún tó kọjá, Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, ìyá Mòńjọlá, ní ibà. A rò pé ibà lásán ni. Mi ò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan rí láyé mi. Ó sì kú.

Ìdí nìyẹn tí Mòńjọlá fi wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú ìwé tuntun àti báírò.

Ó ní, “Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ rárà fún àwọn ìyàwó láyé ọjọ́un.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Bàbá Ládiípọ̀ ni.”

Àbúrò mi ni Ládiípọ̀. Mo ní, “Ẹnu Ládiípọ̀ kò ní ilẹ̀kùn, àtìgbà tó ti wà lọ́mọdé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo lè rí ti àwọn ẹlòmíì lórí fóònù. Èmi fẹ́ èyí tí màmá mi máa wà nínú rẹ̀.”

Ẹ wò ó, òógùn bò mí bí ẹni tó ru igi. Ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká gẹ́lẹ́ ni. Mo sọ fún un pé ojú mi ò ríran mọ́. Ó ní òun á ra awò. Mo ní ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó ní òun á máa kọ ọ́, kí n máa sọ ọ́. Ìgbà tí mi ò rí ibi sá sí mọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí àpótí mi, ó jáde. Kò bẹ̀ mí mọ́. Ìyẹn ló burú jù.

Mo gbìyànjú. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé láàárọ̀, mo kọ “Bàbá mi, mo fẹ́ẹ́ lọ,” mo sì wò ó títí oòrùn fi dé orí ìwé náà. Ìkejì tí mo kọ dà bí ìkéde olóṣèlú. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń wá bá mi bí ewúrẹ́ nígbà kan ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí mo bá sì ti fẹ́ kọ Fúnmiláyọ̀, ọwọ́ á dúró, màá fa ewé ìwé náà ya. Ṣé mo máa sin Mòńjọlá náà ni? Ìbéèrè yẹn ni mo ń jí bá, òun ni mo ń bá sùn.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rúnmu, lọ́dọ̀ Àdùkẹ́, àbúrò Àyọ̀ká. Òun nìkan ló kù nínú ilé wọn. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó fún mi ní ìdajì atẹ, ó ní kí n máa ṣà, torí pé àlejò tó ń sunkún náà ní ọwọ́ tó lè fi ṣiṣẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ìwọ lò ń gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi kiri láti ìgbà yìí wá? Tí o ò tilẹ̀ bi wá bóyá a fẹ́ gbà á padà?”

Mo mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, mo sì dì í mú.

“Ìgbà tí ìyá wa ń bí èmi ni wọ́n kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó bí wọn ṣe lọ. Ta ló kọ rárà fún àwọn ìyẹn? Èmi, ọpẹ́lọpẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn ni. Ṣa ẹ̀wà ẹ, jàre, òkúta ló kù lọ́wọ́ ẹ yìí.”

Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo abà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo mọ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù náà wá lọ o. Mo padà délé, mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń gba orí afárá tó ń mì. Mòńjọlá kọ́ ọ láàárín ìgbà tó ń ti iṣẹ́ dé àti ìgbà tó ń dáná, á máa sun ún nídìí ààrò, èmi á máa di etí nínú yàrá.

Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe ìdána ní Mọ́níyà, obìnrin tó ń darí ètò gbé maikirofóònù, ó fi àwọn àna ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, pé ẹran ara rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tán. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mòńjọlá wá kúnlẹ̀. Ó sun ti bàbá rẹ̀, ó dùn. Ó dé ibi ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ohùn náà kò jáde. Ó tún là á. Gbọ̀ngàn dákẹ́ bí abà wa ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láyé ọjọ́un, bí ohùn ìyàwó bá há, ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbè é. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí mo jókòó. Mo dìde. Kíkọ ni mo ti kọ ọ́, mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí. Mo sọ ọ́:

Ìyá mi Fúnmiláyọ̀, ẹ má ṣíwájú mi,
Ẹ̀yìn mi ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká.
Bí mo bá kọsẹ̀, ẹ pe orúkọ mi,
Mi ò ní dáhùn o, n óò kàn máa rìn lọ ni.

Àwọn kan ṣe àṣẹ, àwọn kan ṣe àmín, obìnrin onímaikirofóònù gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Mòńjọlá nu ojú rẹ̀, ó sì gba ìyókù lẹ́nu mi.

Wọn ò sun rárà ní abà wa mọ́. Wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀, ilé mìíràn ti wà níbẹ̀, ìyàwó sì ń wọ mọ́tò lọ sílé ọkọ kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ tó ń lọ ṣì ń fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ pé òun ń lọ, kódà bí ìyá náà bá ti wà nínú ilẹ̀. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ bá a wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mòńjọlá ti lóyún báyìí. Ó pè mí láàárọ̀ yìí pé ikùn ń wúwo, pé dókítà ní kóun máa múra. Ó ní kí n kọ nǹkan fún ọmọ náà. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dé ná. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ọwọ́ mi gbọ̀n títí n kò lè di ife mú. Nígbà tó yá, mo jókòó, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń gbọ̀n yẹn.