Orí Tí Bàbá Mi Máa Ń Mì

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ọmọ aráyé dá sílẹ̀, n kò tíì rí èyí tó lẹ́wà tó orí tí bàbá mi máa ń mì nígbà tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Á rọra dijú díẹ̀, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á wá mi orí lẹ́ẹ̀mẹta bí adájọ́ tó ti mọ ibi tí ẹjọ́ ń lọ. Gbogbo agbo ilé wa ní Ìlá ló ń yìn ín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Báwo ni yóò ṣe pọ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọyún ti ń jáde nínú etí òsì rẹ̀, ọ̀tún náà kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Orí yìí kan náà ló mì nípàdé ẹbí, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí òun gé àwọn igi obì wa tó wà lọ́nà Ọ̀rà, kí òun fi ibẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, igi mẹ́rin ti wà nílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mi orí, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á."

Bàbá wo àwọn igi náà títí, ó wá kọjú sí mi. "Mú mi lọ rí dókítà."

Ní Òṣogbo, dókítà etí, obìnrin kan, tanná wo etí méjèèjì, ó wo àwòrán tí wọ́n yà, ó sì ṣàlàyé títí, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yorùbá. Bàbá dijú díẹ̀, ó mi orí. A dìde, a dúpẹ́. Ẹnu géètì ló ti fà mí láṣọ.

"Kí ló ní? Ṣé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ni, àbí wọn ò ní ṣe é?"

Mo yíjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá.

"Kí tiẹ̀ lo kà ní yunifásítì?"

"Ìtàn ni, Bàbá."

"Ìtàn náà ni mo ní kí o sọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn?"

A padà wọlé. Bàbá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa, ó ya etí sẹ́yìn ìwé. Awọ inú etí òsì ti lu. Awọ mìíràn ti ń hù wọnú ibi tí kò yẹ, ó sì ń jẹ egungun. Oògùn kíkán kò lè mú un kúrò. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè ṣe é. Kò ṣèlérí pé etí òsì á gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ó yẹ kó gbẹ. Ti ọ̀tún, ìdọ̀tí ló dí i. Wọ́n fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá gbójú sókè wo fáànù. "Ṣé bí èyí ṣe ń pariwo tó nìyí?" Ó wo dókítà. "Ẹ dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà."

Wọ́n ti dá a. Ní agbo ilé, wọ́n ti ń fi orí mímì Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò tíì sọ fún wọn pé nígbà tí dókítà kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, èmi tí etí mi méjèèjì dá ṣáká, n kò lóye ìdajì rẹ̀. Èmi náà mi orí.