Àwọn Tó Dúró Níwájú Ilé Bàbá Àgbà

Ní kékeré mi ní Tallaght, lẹ́bàá Dublin ní Ireland, kò sí ohun tó gbó ládùúgbò wa. Ilé wa ṣì ní òórùn ọ̀dà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú irin tírámù, ibi tí èèyàn bá sì kọjú sí, wọ́n ń kọ́lé níbẹ̀. Dádì mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ilé náà. Iṣẹ́ mi nírọ̀lẹ́ ni kí n gbọn yanrìn inú bàtà Dádì dànù lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jókòó ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé, màá kúnlẹ̀, màá nawọ́ sókè. Lójú mi nígbà náà, wákàtí kan ni. Ó ṣeé ṣe kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n Dádì, Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ń gbé ìlú kékeré kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń fi káàdì alàwòrán ránṣẹ́ sí mi: ilé ẹjọ́ tó ní aago lórí, ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kò dúró sí mọ́ tí wọ́n ti sọ di ilé ìkàwé, ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì pupa tí wọ́n kọ ọdún sí iwájú ẹ̀ lókè. Ọdún yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni, àbí ọdún tí wọ́n parí ẹ̀? Mo bi Dádì. Wọ́n ní, "Lọ́yà, jẹ ẹ̀wà ẹ."

Àǹtí fúnra wọn ni wọ́n dá mi lóhùn lórí fóònù. Wọ́n ní wọ́n lẹ àkọlé kan mọ́ òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ìlú àwọn, pé ààrẹ kan sùn níbẹ̀ rí. "Àmọ́ ìlú mẹ́ta tó yí wa ká náà ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló sùn sí, lọ́jọ́ kan náà!" Mo bi wọ́n léèrè bí èèyàn ṣe máa mọ òtítọ́. "Béèrè ìwé tí wọ́n ti rí i, ọmọ mi. Bí kò bá sí ìwé, béèrè àwòrán."

Lọ́dún yẹn, olùkọ́ wa ní kí kálukú wá sọ ìtàn ilé àtijọ́ kan nínú ẹbí rẹ̀. Ilé Bàbá Àgbà ní Ìsẹ́yìn ni mo mú. Mi ò débẹ̀ rí, a ò sì ní fọ́tò ẹ̀ kankan. Ní ọjọ́ Sátidé, Dádì ra káàdì ìpè, irú èyí tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi máa rántí pé a ń fi kọ́ìnsì họ, a sì pe Màmá Àgbà. Mo kó gbogbo Yorùbá tí mo ní jọ, Yorùbá tó ń dún bí ẹnu ọmọ Dublin.

"Ẹ káàsán mà. Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé yín?"

"Ọdún tí eéṣú jẹ oko ni. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Mọ́ńdè ni wọ́n máa wó o."

Dádì mọ̀. Àwọn àti àbúrò wọn ló fẹ́ kọ́ ilé alájà síbẹ̀ fún Màmá. Lójú wọn, bí ọmọ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ tó ti kú nìyẹn; ta ló máa fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé alámọ̀ nígbà tó ń kọ́lé fún ẹlòmíì? Mi ò lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Àmọ́ ọjọ́ méjì péré ló kù, mi ò sì ní rí ilé náà láé. Èmi tí kì í bẹ̀bẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n yà á ní fọ́tò kí wọ́n tó wó o."

"Ilé lásán? Ta ló ń ya ògiri?"

"Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ̀sẹ̀, wọ́n ń yà á."

Wọ́n bá pe àbúrò wọn ní Ìsẹ́yìn, Bùọ̀dá Láńre.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àpòòwé tó dé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Màmá jókòó sáàárín nínú aṣọ Ọdún; Bùọ̀dá Láńre, ìyàwó wọn, àwọn ọmọ, àwọn ayálégbé, télọ̀ àdúgbò tòun ti téèpù lọ́rùn, ẹnì kan tiẹ̀ di ewúrẹ́ mú létí. Èèyàn mẹ́tàlélógún, mo kà wọ́n. Ti ilé ńkọ́? Páànù díẹ̀ lókè orí wọn, àti ìdajì fèrèsé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí télọ̀.

Mo sunkún. Dádì pe Màmá pé ilé nìkan ni ọmọ fẹ́ rí.

"Ilé tí kò séèyàn níwájú ẹ̀?" Ẹnu ya Màmá. "Ṣé kí àwọn òyìnbó lè rò pé a ti kú tán ni?"

Ilé ti wó. Dádì jókòó tì mí, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni yìí ló ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, ti ẹni yẹn ló ń jò. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní kíláàsì, olùkọ́ gbé fọ́tò náà yẹ̀ wò, ó ní ilé ọ̀hún dà. Mo ní ẹ̀yìn wọn ló wà.

Nígbà yẹn, fọ́tò kan la ní, èèyàn kún un, ilé kò hàn. Lónìí, ilé alájà náà wà lórí fóònù mi ní àwòrán tó lé ní ogójì: géètì, àtẹ̀gùn, gbogbo fèrèsé. Màmá ti kú, Bùọ̀dá Láńre ti kó lọ sí Ìbàdàn. Mo ti wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tún wọn wò kó lè dá mi lójú. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú ẹ̀.