Iná Tí Ìyá Àdínì Kò Jẹ́ Kí N Gbà

Òórùn obì ni ó máa ń kọ́kọ́ kí mi bí mo bá ti yà sí àdúgbò Ibido ní Ṣàgámù. Kì í ṣe òórùn líle. Ó dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, pẹ̀lú ewé tútù, nítorí ewé ni àwọn oníṣòwò fi ń bo obì nínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ. Inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́ kéwú ní kékeré, lórí ẹní, pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà mí tọ́. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ilé náà títí di òní.

Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí owó epo bẹntiróòlù gbéra sọ. Mo ta ọkọ̀ mi, mo sì fi owó rẹ̀ ra tòkunbọ̀ kékeré kan tó ń lo bátìrì. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìbàdàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ọ̀gá, ṣé mọ́tò yín ti jẹun alẹ́?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná ná. Ilé ni mo ti ń fún un ní iná nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná wá. Lójú ọ̀nà, n kì í sáré, n kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù, bí mo bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí bátìrì lè rí iná díẹ̀ gbà padà bí táyà ṣe ń yí fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń sá fún jù ni àwọn tó ń ta iná fún ọkọ̀ létí títì márosẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti epo tí mo sá kúrò nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe. Ojú ìyá mi ni. Akaka, níbi tí wọ́n ti ń gbin obì, ni ìyá mi ń gbé, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti lọ kí a tó mọ̀ pé àìsàn ni. Dókítà kan ní Ìbàdàn ní òun lè gba òsì tó ti ń ṣe bàìbàì là, bí wọ́n bá ń gún un ní abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, bí a kò bá sì fo ọ̀kan. "Ìmọ́lẹ̀ tó bá lọ tán kì í padà," ni ó wí. Abẹ́rẹ́ náà wọ́n. Owó tí mo bá dá sí lójú ọ̀nà ni mo fi ń kún un. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú abẹ́rẹ́, n ó wa ọkọ̀ lọ sí Akaka, n ó gbé ìyá mi, a ó sì padà sí Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní oṣù kan, iná kò dé àdúgbò wa láti ọjọ́ Ẹtì. Bátìrì kò kún nígbà tí mo gbéra. Mo ní n ó rọra wà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìyá mi tán tí mo padà dé Ṣàgámù, mo rí i pé ọkọ̀ náà kò lè dé Ìbàdàn. Owó abẹ́rẹ́ nìkan ló wà lápò mi. Bí mo bá fi ra iná lójú títì, kí ni n ó fi ra ojú?

Ni mo bá rántí mọ́sálásí wa àtijọ́ ní Ibido. Wọ́n ti gbé sólà tó pọ̀ sórí òrùlé rẹ̀, òun ló ń fa omi kànga. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àṣàlátù ṣì wà lójúde nígbà tí a kí ìrun àìlá tán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Lèmọ́mù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi wáyà ọkọ̀ mi bọ iná yín díẹ̀. Màmá mi wà nínú ọkọ̀, wọ́n ní láti gba abẹ́rẹ́ ojú láàárọ̀ ọ̀la."

Bàbá Lèmọ́mù wo òrùlé, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. "Ẹ̀bùn fún Ọlọ́run ni. Ọkọ Ìyá Àdínì ló fi ṣe sàráà kí ó tó kú. Ohun tí ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ bá ní kí a fi ṣe, òun la ó fi ṣe."

Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí, dìde. Oníṣòwò obì ni, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Rárá o," ni ó wí. "Omi ni ọkọ mi ní kó máa fà, fún ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá àti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kò dárúkọ mọ́tò."

Bàbá àgbà kan ní, "Ìyá Àdínì, bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ mọ́tò náà!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa rín, Bàbá. Bí a bá gba mọ́tò lónìí, lọ́la ẹnìkan á gbé ẹ̀rọ ìlọta wá."

Ó dùn mí. Kí n má purọ́ fún ọ, mo rò ó nínú mi pé, níbi tí mo ti kọ́ Kùránì yìí náà? Mo ti fẹ́ yí padà nígbà tó béèrè pé, "Màmá rẹ dà?"

Ó tẹ̀lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ìyá mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Nígbà tí ó ní Akaka ni òun ti wá, Ìyá Àdínì pàtẹ́wọ́.

"Akaka! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó obì wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n, tí ẹ ó to ńláńlá sórí!"

"Ẹ̀yin ará Ṣàgámù ńkọ́," ni ìyá mi dá a lóhùn kíá, "tí ẹ ó ka igba, tí ẹ ó pè é ní àádọ́jọ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àdínì yíjú sí mi.

"Gbé ọkọ̀ yìí tẹ̀lé mi. Ti mọ́sálásí ni mo ní kí o má fọwọ́ kàn. Mi ò sọ pé ilé mi kò níná."

Sólà wà lórí ilé tirẹ̀ náà, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́ fìrísà ńlá kan tí ó fi ń ta omi tútù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà fìrísà náà, ó ní kí n ki tèmi bọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìyá, omi tí ẹ ń tà á gbóná." Ó ní, "Tèmi ló máa gbóná, kì í ṣe ti Ọlọ́run. Jókòó, kí o jẹun." Ọkọ̀ náà gba iná títí oòrùn fi rọlẹ̀, ìyá mi sì sùn fọnfọn lórí àga rẹ̀. Ìyá Àdínì kọ̀, kò gba kọ́bọ̀. A wọ Ìbàdàn ní jẹ́jẹ́, wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ náà láàárọ̀.

Láti ìgbà náà, a kì í kọjá lóṣooṣù kí a má yà sílé rẹ̀. Ìtọ́jú náà parí, Alhamdulillah. Ojú òsì ìyá mi ṣì ń ríran. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ojú Ìyá Àdínì dáadáa, ó ní, "Àṣé o tilẹ̀ lẹ́wà, pẹ̀lú gbogbo agídí yìí!"

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń rọrùn fún láti fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé ṣàánú, nítorí kò dín ohun tiwa kù. Obìnrin yẹn ṣọ́ ohun Ọlọ́run bí ẹni ṣọ́ ẹyin, ó sì tú ohun tirẹ̀ sílẹ̀ bí omi. Mo ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ lórí ìfọkàntán, n kò rí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, tíṣà kan tó ra irú ọkọ̀ mi bẹ̀ mí pé kí n ṣílẹ̀kùn yàrá tí iná sólà ilé ẹ̀kọ́ wa wà, kí òun lè fún ọkọ̀ òun ní iná, nítorí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ní rárá, àwọn ọmọ ni wọ́n ni ín. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo gbá a léjìká, mo ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé mi. Ìyàwó mi ń lọṣọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n á yọ wáyà áyọ́ọ̀nù fún ọ."