Ẹnu Ọ̀nà Eré-Ìje Ọkọ̀

Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ wíwà ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, ó ní òun á bá àwọn onílọ́rì iṣu sọ̀rọ̀ fún mi ní ọjà Agbogbloshie ní Accra. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó rò pé dírẹ́bà ni mo fẹ́ dà, ó sì ti ń ro bí obìnrin ṣe lè máa wa lọ́rì bọ̀ láti Tamale ní àríwá Ghana láìsí ewu. Mo ní, "Bàbá, eré-ìje ni mò ń sọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré yípo pápá, tí àwọn èèyàn ń wò wọ́n." Ó ní kí ni ọkọ̀ náà ń kó. Mo ní kò kó nǹkan kan. Ó ní ibo ló ń lọ. Mo ní ibi tó ti gbéra náà ló ń padà sí. Bàbá mi wò mí títí, ó wá béèrè bóyá wọ́n ti lé mi kúrò ní báǹkì.

Wọn ò tíì lé mi. Mo ṣì ń jáde láràárọ̀ láti ilé wa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, níbi tí bàbá mi ti ń ta táyà láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwa ń gbé lókè. Látìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ kó táyà ní èbúté Tema ní gbogbo Sátidé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wíwà sì ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n mi ò ronú kan eré-ìje rí, àfi ìgbà tí àwa òṣìṣẹ́ báǹkì lọ ṣe fàájì ní pápá kan lójú ọ̀nà Tema, níbi tí wọ́n ti ń wa àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní kàátì. Ọkọ̀ náà ò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ìdí èèyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Mo gbé akoto lé híjáàbù mi, mo jókòó, mo wà á.

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí níbẹ̀. Gbogbo ohun tó máa ń pariwo nínú orí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lábẹ́ páànù pè mí. Ọmọ Gà ni, ìran tó ni Accra, ó ti fi ọkọ̀ díje rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kàátì ní pápá náà. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó béèrè ọjọ́ orí mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó mi orí, ó ní ìgbà tí eyín wọn ń ká lọ́wọ́ ni àwọn tó ń fi eré-ìje jẹun ti ń bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n tó dàgbà tó mi, wọ́n á ti wà nínú ọkọ̀ ńlá tipẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù fún mi. Ó wá ní kí n padà wá ní Sọ́ńdè.

Mo ní, "Ẹ ní ó ti pẹ́ jù, ẹ tún ní kí n wá?"

Ó ní, "Àárọ̀ ni kí o wá, kí oòrùn tó mú."

Mo lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi sì da orí mi rú. Lójú tèmi, ẹni tó bá tẹ tọ́tù, ẹsẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, mọ́lẹ̀ jù lọ ni ọkọ̀ rẹ̀ máa sáré jù lọ. Kóòṣì ní irọ́ ni, bíréèkì ni kí n kọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ọkọ̀ rọlẹ̀ kí n tó dé kọ́nà, kí n fi ojú wá ibi tí mo máa gbà jáde, kí n má sì tẹ tọ́tù títí ọkọ̀ á fi kọjú síbẹ̀. Mo ṣe bó ṣe wí, ó dà bíi pé mò ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Nígbà tí mo dúró, ó na aago rẹ̀ sí mi: mo ti yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú wá bí mi, mo padà síbẹ̀, mo fi gbogbo agbára sá a, táyà ń ké, mo rò pé mo fẹ́ fò. Aago ní mo falẹ̀. Mo bá a jiyàn pé bóyá aago náà ti bàjẹ́. Ó ní ara mi ló ń parọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fura sí ara mi, kódà nínú trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tí à ń wọ̀ káàkiri Accra. Tí méètì tó ń gbowó ọkọ̀ bá ń kígbe pé ọkọ̀ wọn ń sáré, èmi á máa bi ara mi bóyá ó ń sáré lóòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà mọ ilé ìwé tó máa lọ. Èmi náà mọ bí mo ṣe dé báǹkì. Ṣùgbọ́n ní ti eré-ìje ọkọ̀, ẹnikẹ́ni tí mo bá bi, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń júwe. Kóòṣì ní kí n gba láísẹ́nsì eré-ìje, kí n máa díje nínú kàátì títí àwọn èèyàn á fi mọ̀ mí. Mẹkáníìkì tó ń tún kàátì ṣe ní pápá náà ní kí n má dá Kóòṣì lóhùn, pé onígbọ̀wọ́ ni kí n wá, torí ẹni tí kò bá ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, bó sáré bí ìjì, ẹnu géètì ló máa dúró sí. Mo lọ bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta epo ọkọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní àwọn máa ń ran ẹni tó bá ti gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́. Mo ní nítorí kí n lè rí ife-ẹ̀yẹ gbà ni mo ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́. Ó ní ó yé òun dáadáa. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbàdúrà fún mi.

Àárín ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan dé láti àdúgbò Kotobabi. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń sáré. Ó ti de sitiárìn mọ́ tábìlì nínú yàrá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bíréèkì àti ti tọ́tù sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ará òkè òkun díje láìdìde lórí àga. Kò wa ọkọ̀ gidi rí lójú títì. Mo rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí Kóòṣì ní kó wọ kàátì. Ó kọ́kọ́ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Nígbà tó yá, ó kọjá mi, kò sì bojú wẹ̀yìn. A bọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún Kóòṣì pé táyà iwájú kì í di ilẹ̀ mú bí òun bá ń wọ kọ́nà, pé ìdí ọkọ̀ sì ń fẹ́ yọ̀ bí òun bá ń jáde. Kóòṣì ń mi orí, ó wá yíjú sí mi, ó ní tèmi ńkọ́. Mo ní tèmi dára.

A di ọ̀rẹ́. Sista Alata ló ń pè mí, torí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Mo máa ń lọ jẹ waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, nílé wọn, kí n sì jókòó sídìí sitiárìn orí tábìlì yẹn. Ọwọ́ mi ò gbà á rárá. Ọkọ̀ tí kò mì mí nídìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wà á, ara ògiri ni mo máa ń parí ẹ̀ sí. Báwo ni òun ṣe wá gba ibẹ̀ mọ ọkọ̀ gidi? Mo bi í, ó ní òun náà ò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ eléré-ìje kan ránṣẹ́ láti Gúúsù Áfíríkà pé àwọn ń bọ̀ wá yan obìnrin kan ní pápá wa, kí àwọn mú un lọ kọ́ sí i, kí àwọn sì gbé e sínú ọkọ̀ eré-ìje ńlá. Mo bi Kóòṣì ohun tí wọ́n ń wá lára èèyàn. Ó ní òun ò mọ̀, kí a ṣáà lọ wakọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi ní òun ń bọ̀. Ó wọ agbádá funfun tó fi ń kírun Jímọ̀, mo fi ọkọ̀ ẹrù gbé e lọ, wọ́n fún un ní àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣíwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Lójijì òjò bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á dá wa dúró, ṣùgbọ́n obìnrin gíga kan tó jẹ́ olórí àwọn àlejò náà ní kí a máa sáré lọ. Àwọn obìnrin yòókù tó wá díje ń yí bí òòyì wọ inú koríko, ọ̀rẹ́ mi náà yí. Èmi ò yí. Ìgbà òjò mélòó ni mo ti fi ọkọ̀ tó kún fún táyà la àgbàrá kọjá láàárín àwọn lọ́rì ní Agbogbloshie? Ìdí mi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi nínú òjò yẹn. Mo rí i tí bàbá mi dìde lórí àga, tí omi ń ṣàn lára agbádá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nínú omi. Mo ní ó ń yọ̀. Ó ní níbo. Mo ní níbi gbogbo. Ó ní báwo ni mo ṣe wá ń mú un tí kò fi já mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Mo kàn mú un ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n mú.

Nígbà tí à ń darí lọ sílé, bàbá mi ń fún omi kúrò lára agbádá rẹ̀. Ó wá ní ta ló sáré jù. Mo ní èmi ni, nínú òjò. Ó ní ta ni wọ́n wá mú. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni.

Ó ní, "Ṣé eré-ìje ni ẹ lọ ṣe, àbí ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà kó má bàa rí omi tó ń bọ́ lójú mi.

Mi ò dé pápá mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo gbájú mọ́ báǹkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń jẹun lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi pè mí láti Gúúsù Áfíríkà. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó ti yí wọ inú koríko léraléra, ojú sì ń tì í láti bi àwọn tó mú un wá. Ó ní, "Sista Alata, báwo lo ṣe ń ṣe é?" Mo ní mo kàn ń mú un ni. Ó ní èyí ò lè ran òun lọ́wọ́, òun á tún wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo gbé oúnjẹ tì. Mo di ojú, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú bíi pé mo di sitiárìn mú, mo sì ń wa ọkọ̀ náà lọ ní ìjókòó mi. Mo ní ìdí tí mo fi jókòó ni mo fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀, kì í ṣe ọwọ́. Mo ní mi ò kì í gba ojú ibi dídán tí táyà ti ń tẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, torí ibẹ̀ ló ń yọ̀ jù. Ẹ̀bá rẹ̀ tí ilẹ̀ ò ti dán ni mò ń gbà. Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mo sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ̀. Ó ń wí i tẹ̀ lé mi. Ẹnu yà mí, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lajú, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin gíga yẹn fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní ṣé èmi ni mo sọ pé ọkọ̀ ń yọ̀ níbi gbogbo. Mo ní èmi ni. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti sọ pé èmi ni mo kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nínú òjò. Ó ní àwọn ní eré-ìje gígùn kan tí àwọn awakọ̀ máa ń gba ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ àwọn sì ti fi apá ṣèṣe, kí n wá rọ́pò rẹ̀. Mo gba ìsinmi ní báǹkì, mo lọ, wọ́n sì fi ọkọ̀ ńlá náà kọ́ mi títí mo fi gba láísẹ́nsì. Bàbá mi ní kí n fi fọ́tò táyà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun.

Oòrùn ló ràn lọ́jọ́ náà látàárọ̀ dalẹ́, òjò kankan ò rọ̀. Mo wa ipa tèmi tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, mo gbé ọkọ̀ fún ẹni tó kàn, mi ò kọlu ẹnikẹ́ni, a sì parí sáàárín àwọn ọkọ̀ yòókù. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Wọ́n tún pè mí fún òmíràn, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó rú mi lójú jù ni ti ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n rí i pé ó mọ bí èèyàn ṣe lè dán ọkọ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ yẹn lé e lọ́wọ́. Ó ti padà sí Kotobabi báyìí, ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń dán ọkọ̀ wò fún wọn, wọ́n sì ń sanwó fún un. Èmi tí wọn ò mú ni mò ń wa ọkọ̀ náà. Bí mo bá fẹ́ lọ díje, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, kó sọ bí kọ́nà kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe rí. Ó pa iná kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo ní èmi náà ò tíì mọ̀.